Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Kékeré Tí A Fẹ́ Ṣe Lọ́ṣọ̀ọ́, Tí A Sì Fẹ́ Máa Gbé Lọ Síbi Iṣẹ́: Èwo Ni Ká Rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 27 ni mí, Àpáta ni mo ń gbé n'Íbàdàn, ibi iṣẹ́ mi sì wà ní Bódìjà. Mo ti ń tọ́jú owó láti ra ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ti lò rí, kí n lè máa ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ kó wálẹ̀ díẹ̀, kó wọ ríìmù ńlá, kí sàlẹ́ńsà rẹ̀ máa dún dáadáa, kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì lágbára sí i. Ọkọ̀ yẹn kan náà ni màá máa gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, mi ò ní òmíràn. Honda Civic 2007 ló wù mí, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Golf 4 ló dáa, bàbá mi sì ní kí n ra Corolla kí n yé fi owó ṣòfò. Ẹnì kan tún fẹ́ ta Civic tó ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tán fún mi. Èwo ni kí n mú, níbo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ohun tó wúwo jù nínú ìbéèrè rẹ ni ọ̀rọ̀ tí o kàn sọ kọjá, pé o ò ní ọkọ̀ mìíràn. Ẹni tó ní méjì lè tú ọ̀kan palẹ̀ sí ọgbà mẹkáníìkì fún oṣù mẹ́ta, kó máa dúró de ẹ̀yà ara tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Ìwọ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ rẹ gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà Dùgbẹ̀. Òdiwọ̀n tí màá fi dá ọ lóhùn látòkè délẹ̀ nìyí: iṣẹ́ tí a kò bá lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé ká sì parí rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú, tàbí tí a kò lè tú kúrò ká dá ojúlówó padà bó bá kọ̀, ọkọ̀ rẹ kò tíì lè gbà á ní ọdún àkọ́kọ́.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú Civic tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tán yẹn kúrò nílẹ̀. Má rà á, bó ti wù kó rẹwà tó. Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tó ń ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni oníjìbìtì, àmọ́ o ò ní mọ ẹni tó gé ohun tí wọ́n gé níbẹ̀, o ò ní mọ ẹni tó so wáyà pọ̀, o ò sì ní mọ ibi tí ojúlówó ẹ̀yà ara tí wọ́n tú kúrò wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wálẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi, kì í ṣe sípírínǹgì kúkúrú ni wọ́n ra sí i; èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi gíráńdà gé. Sípírínǹgì tí a gé kì í jókòó dáadáa mọ́, ó lè yẹ̀ kúrò nípò nígbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò, ṣọ́ọ̀kì inú rẹ̀ yóò sì máa kanlẹ̀ títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jo ọ́yìlì. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn ni kí o wá.

Nínú àwọn mẹ́ta tó kù, Civic tí wọ́n ṣe láàárín 2006 sí 2011 ló dùn ún wà jù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ́ńjìnì 1.8 rẹ̀ ní agbára ẹṣin 140, ṣéènì ló sì ń bá a ṣiṣẹ́ nínú, kì í ṣe bẹ́líìtì. Ṣùgbọ́n 2007 tí o ń wò gan-an wà lára àwọn tí búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì wọn máa ń sán. Honda fúnra rẹ̀ mọ̀ nípa àléébù yìí, ó sì fi kún gáráńtì àwọn ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní Amẹ́ríkà, èyí tí kò ṣe ẹni tó ń gbé Àpáta láǹfààní kankan. Bó bá jẹ́ Civic lo máa rà, wá ti 2010 tàbí 2011. Bó bá sì di dandan kó jẹ́ 2007, jẹ́ kí wọ́n gbé e sókè, kí o fi tọ́ọ̀ṣì wo ara búlọ́ọ̀kù náà fínnífínní, bóyá wàá rí ojú omi rédíétọ̀ tó ti ṣàn tó sì gbẹ síbẹ̀ bí ipa ìgbín. Bí o bá rí i, kí ẹni tó ń tà á máa gbé e lọ.

Golf 4 tó ní tọ́bò, èyí tí wọ́n ń pè ní 1.8T, ni a lè fi owó kékeré fún lágbára jù, torí pé bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá tún ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ, agbára ẹṣin 150 rẹ̀ lè gòkè dé nǹkan bí 190 láì tú ẹ́ńjìnì rárá. Òótọ́ làwọn ọ̀rẹ́ rẹ sọ níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ló ń bá ẹ́ńjìnì yẹn ṣiṣẹ́, bó bá sì já lójú ọ̀nà, písítìnì yóò lu fáàfù, fáàfù yóò tẹ̀, o di ẹni tó ń wá owó ẹ́ńjìnì kiri. Kò wọ́pọ̀ kí ìwé ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì gbẹ̀yìn bá tòkunbọ̀ wọlé. Bí o kò bá ní mẹkáníìkì tó jẹ́ pé Volkswagen nìkan ló ń ṣe, fi Golf sílẹ̀ fún ẹni tó ní ọkọ̀ méjì.

Corolla 2003 sí 2008 ni èmi máa mú fún ẹ. Kò yára, agbára ẹṣin ẹ́ńjìnì 1.8 rẹ̀ kò ju nǹkan bí 130 lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì so mọ́ra wọn, torí náà kò ní já kọ́nà bíi Civic. Àmọ́ bí ohunkóhun bá bàjẹ́ lára rẹ̀ lónìí, wàá rí i rà ní Araromi ní Gate kí ilẹ̀ tó ṣú, yálà tuntun tàbí Bẹ́líjíọ̀ọ̀mù, ìyẹn èyí tí wọ́n ti lò rí, kò sì sí mẹkáníìkì àdúgbò tí kò tíì tú u rí. Bí o bá rí èyí tó jẹ́ mánúà, ó sàn jù. Àwọn tó ti Yúróòpù wá ló sábà máa ń jẹ́ mánúà, ọ́tòmáàtíìkì ló pọ̀ nínú àwọn ti Amẹ́ríkà.

Nígbà tí o bá fẹ́ lọ wo ọkọ̀, sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣe tan án kí o tó dé. Fọwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì: bó bá ti gbóná, ẹnì kan ti tan án láti fi ohun kan pa mọ́, kí o padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí wọ́n bá tan án nínú òtútù, dúró sẹ́yìn sàlẹ́ńsà. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù ń sọ fún ẹ pé ẹ́ńjìnì ń jẹ ọ́yìlì. Èyí tó funfun tí kò sì lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná tán, omi ló ń wọ ibi tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà ni kí o ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí o wo orí àwọn nọ́ọ̀tù tó mú fẹ́ńdà. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ máa ń bo orí wọn dán-dán. Bí sípánà bá ti họ igun wọn, wọ́n ti tú fẹ́ńdà yẹn rí, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ohun tó fà á fún ẹ. Ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìjókòó awakọ̀, kí o sì fi ìka kan àwọn nọ́ọ̀tù tó de ìjókòó mọ́lẹ̀. Ìpẹtà àti ẹrẹ̀ gbígbẹ ní irú ibẹ̀ yẹn, ọkọ̀ tó ti mu omi àgbàrá ni, wáyà rẹ̀ kò sì ní fún ẹ nísinmi láéláé.

Mú ẹni tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dání. Kí iná ẹ́ńjìnì má tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò tó, nítorí ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń pa á rẹ́. Ẹ̀rọ náà tún máa ń fi hàn bóyá ọkọ̀ ti parí àyẹ̀wò tó máa ń ṣe fún ara rẹ̀. Bó bá sọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì parí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àná ni wọ́n pa àṣìṣe rẹ́.

Nọ́ńbà ṣáásì náà ní ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Lẹ́tà àti òǹkà 17 ni, lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún: 7 dúró fún 2007, A fún 2010, B fún 2011. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, tẹ nọ́ńbà náà sí ojú òpó NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó wọn, ọ̀fẹ́ ni. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àti Civic àti Corolla ọdún wọ̀nyí wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n pè padà torí airbag tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, èyí tó lè bú tó sì máa ń ta irin sí ojú àti ọrùn awakọ̀. Bí ojú òpó náà bá sọ pé wọn kò tíì tún un ṣe, fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà ọkọ̀ tí wọ́n bá yọ́ gba Sẹ̀mẹ̀ wá lẹ́yìn ìgbà yẹn, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ rẹ láàárín ìgboro.

Ní ti owó, pín ohun tí o ní sí mẹ́ta, kí o má sì ná ju ìdá méjì lọ lórí ọkọ̀. Ìdá kẹta kì í ṣe ti ríìmù. Òun ni o máa fi dá ọkọ̀ padà sí bó ṣe wà nígbà tó kúrò ní ilé iṣẹ́, iṣẹ́ yìí ni kò sì sẹ́ni tó fẹ́ràn láti ṣe nítorí pé kò hàn sójú. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni tẹ́mọ́sítáàtì, torí àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa ti gbóná jù fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná dé nǹkan bí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó ṣílẹ̀ fún un. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó máa ń pẹ́ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, kọ̀ǹpútà á máa rò pé òtútù ń mú un, á máa bu epo sí i, ìwọ á sì máa bá owó epo jà. Fi tuntun sí i, fi kúláǹtì sínú rédíétọ̀ dípò omi ẹ̀rọ. Pààrọ̀ omi bíréèkì, páàdì rẹ̀, àti ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí wọ́n bá ti ń jo. Wo òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó bá ti pé ọdún mẹ́fà, má gbé e lọ sí ọ̀nà Èkó, kódà bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣì nípọn.

Lẹ́yìn èyí la lè wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀ṣọ́, ríìmù sì ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, torí pé kò gba ju wákàtí kan lọ lọ́dọ̀ fọ́kànáísà. Bí Corolla rẹ bá wọ 195/65 R15, ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀ ga tó 127 mìlímítà. Bí o bá gbé 205/55 R16 wọ̀ ọ́, gíga gbogbo táyà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di 113. Ní 215/45 R17, ó di 97, ìyẹn ni pé rọ́bà tó wà láàárín ríìmù rẹ àti kòtò ti dín ní nǹkan bí ìka méjì. Ní ìlú Ìbàdàn, èmi kì í kọjá 16 fún ọkọ̀ tí ẹnì kan ń gbé lójoojúmọ́. Má sì jẹ́ kí wọ́n ta ríìmù Civic fún ẹ: òun àti ti Corolla Amẹ́ríkà yìí jọ ní ihò nọ́ọ̀tù márùn-ún, ṣùgbọ́n ti Civic wà lórí òbírí 114.3 mìlímítà, ti Corolla sì wà lórí 100.

Bó bá ṣe pé o fẹ́ kó wálẹ̀, ra sípírínǹgì tí wọ́n dìídì ṣe fún un, kó má sì wálẹ̀ ju 30 mìlímítà lọ. Kí wọ́n ṣe àláìnmẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà á jẹ tán láti inú láì jẹ́ kí o mọ̀. Ṣáájú ìyẹn, wọn gíga tó wà láàárín ilẹ̀ àti ibi tó rẹlẹ̀ jù lábẹ́ ọkọ̀, kí o sì fi wé òkìtì adín-eré-kù tó ga jù ní àdúgbò rẹ, pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin nínú ọkọ̀.

Ní ti sàlẹ́ńsà, èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá nìkan ni kí o pààrọ̀. Bí wọ́n bá gé kátálíìsì iwájú, èyí tó ń dín májèlé inú èéfín kù, iná ẹ́ńjìnì kò ní kú mọ́. Ariwo lo máa rí gbà, kì í ṣe agbára. Bákan náà ni páìpù afẹ́fẹ́ tí wọ́n máa ń fà sísàlẹ̀ lẹ́yìn bọ́ńpà: tó o bá fi wọ àgbàrá òjò oṣù Kẹsàn-án, omi ni ẹ́ńjìnì á fà sínú, ọ̀pá písítìnì á sì tẹ̀. Iná àti àńpù rédíò kò le, bí rìwáyà rẹ bá fi fíúsì sí i nítòsí bátìrì. Sítíárì eléré ìje ni kí o gbàgbé pátápátá, nítorí airbag wà nínú èyí tó wà níbẹ̀.

Ó ku ìwé. Bí o bá yí àwọ̀ ọkọ̀ padà tàbí o pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, lọ ṣe àtúnṣe rẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀ rẹ. Gíláàsì dúdú ní òfin tirẹ̀ láti 1991, ọlọ́pàá ló sì ń fúnni ní ìyọ̀ǹda. Ìbánigbófò onípò kẹta jẹ́ 15,000 náírà láti oṣù Kínní 2023, kò sì ní san kọ́bọ̀ lórí ríìmù rẹ bí wọ́n bá jí i. Bí o bá gba èyí tó kárí gbogbo nǹkan, kọ ohun gbogbo tí o fi kún ọkọ̀ sínú lẹ́tà fún wọn, kí wọ́n sì bá ẹ tẹ òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tìrẹ. Kó ojúlówó ríìmù, sípírínǹgì àti sàlẹ́ńsà tí o bá tú pa mọ́ sílé, torí ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ iwájú yóò béèrè wọn. Nígbà tí o bá ti rí Corolla kan tó wù ẹ́, fi nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀ àti àwòrán abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó san owó àsansílẹ̀.