Èsì: Káàdì Old Judge tí àwòrán rẹ̀ ti ṣá

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bèèrè nípa káàdì Old Judge yín tó ti ṣá, ìyẹn káàdì àwòrán eléré baseball àtijọ́ tó ń bá sìgá wá: ṣé kí ẹ tún un ṣe, ṣé ojúlówó sì ni? Ẹ má fọ̀ ọ́ rárá, ẹ má sì gé etí rẹ̀ kó lè gún. Èyí tó ṣá di pupa rúsúrúsú bíi tiyín ṣì níye lórí. Èyí tí wọ́n ti tún ṣe ni àwọn olùrà ń sá fún.

Bóyá ojúlówó ni tí ẹ bèèrè:

1. Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Fọ́tò gidi ni ilé iṣẹ́ Goodwin ní New York lẹ̀ mọ́ páálí, tí wọ́n ń kì sínú páálí sìgá láàárín 1886 sí 1890. Bí ẹ bá rí àmì tíntìntín bíi ti ìtẹ̀wé tó tò lọ gbọọrọ, ẹ̀dà lásán ni.
2. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo.

Okùn tí ẹ rí lókè bọ́ọ̀lù nínú àwòrán náà kì í ṣe àbùkù. Inú yàrá ayàwòrán ni wọ́n ti ya àwọn fọ́tò yìí: wọ́n á so bọ́ọ̀lù rọ̀, eléré á wá ṣe bí ẹni fẹ́ gbá a. Òun gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù.

Old Judge ni ọ̀rọ̀ àmì tíntìntín yẹn bá mu o. Allen & Ginter ti 1887, káàdì ilé iṣẹ́ sìgá mìíràn tí eléré baseball Cap Anson wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ìtẹ̀wé aláwọ̀ ni látilẹ̀; àmì lè wà lára ojúlówó rẹ̀.