Láísẹ́ǹsì wà, báǹkì kọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ní California gba láísẹ́ǹsì láti ta igbó fún aláìsàn, àmọ́ báǹkì ò gbà á. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Láti 1996 ni California ti fọwọ́ sí igbó fún ìtọ́jú, ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1970 to igbó mọ́ oògùn olóró tó le jù bíi heroin nígbà tí wọ́n ṣe é, láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ ò sì lè pa òfin ìjọba àpapọ̀ rẹ́, ẹ̀rù wá ń ba báǹkì kí wọ́n má lọ sọ pé ó ń fọ owó oògùn olóró. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé èèyàn á di owó sínú báàgì, á gbé e lọ san owó orí, tí olè á sì máa ṣọ́ ọ. Kó wá credit union, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ṣe bíi báǹkì, àwọn kan máa ń gbà. Kó má sì gbé ọjà kọjá ààlà ìpínlẹ̀ rárá, kódà sí Oregon tó bá California pààlà, tí òun náà fọwọ́ sí igbó.