Irun ẹṣin mi ti dì bí irun dàda, ṣé kí n fá a?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Mo ní ẹṣin kékeré kan ní Òkè-Báálẹ̀, ní Òṣogbo níbí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pónì. Àwọn ọmọdé la máa ń gbé gùn ún níbi àríyá àti nígbà Iléyá. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti le ni irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń wé mọ́ra, ó wá dì ní kókó-kókó títí dé ìdí. Èèmọ́ sì ti kún gọ̀gọ̀ ọrùn àti ìrù rẹ̀. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìlú Ọba, ó ní irun ìgbà òtútù ni, pé àwọn pónì tiwọn náà máa ń ní i, kí n ra kílípà kí n fá a dànù. Ẹni tó ń bá mi tọ́jú ẹṣin náà ní kẹrosíìnì ni kí n fi pa á. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú ẹran, ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kílípà ṣì lè wúlò tó bá yá, ṣùgbọ́n kẹrosíìnì yẹn, ẹ gbé e kúrò nítòsí ẹṣin náà pátápátá. Ó máa ń bó awọ ẹṣin bí omi gbígbóná ṣe ń bó tiwa. A kì í dédé fá orí dàda nílẹ̀ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni irun ẹṣin tó bá dì: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àbúrò yín kò purọ́ nípa ohun tó ń rí lọ́hùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ni ara ẹṣin fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó hu irun, ju òtútù fúnra rẹ̀ lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ojúmọ́ oṣù Kejìlá kì í ju nǹkan bíi wákàtí 8 lọ, ti oṣù Kẹfà sì lé ní 16. Bí ojúmọ́ bá ti ń kúrú ni pónì ibẹ̀ ń hu irun tó nípọn bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti ń gùn padà, irun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í re. Èyí tó ti re ṣùgbọ́n tí kò tíì jábọ́ ló ń pò mọ́ ẹrẹ̀, tó ń dì. Wọ́n á fi bùrọ́ṣì onírọ́bà yí i po díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tú, ọ̀rọ̀ parí. Ní Òṣogbo ńkọ́? Ojúmọ́ tó gùn jù lọ láàárín ọdún kò fi odidi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Kò sí ohun tó máa sọ fún ẹṣin tó ń gbé Òkè-Báálẹ̀ pé kó múra de òtútù. Bí irun rẹ̀ bá wá dì nínú òjò, awọ ara rẹ̀ ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò.

Ẹ ṣe é ní ojúmọmọ, nígbà tí ara ẹṣin náà bá balẹ̀, kí ẹnìkan tó mọ̀ dáadáa di ìjánu rẹ̀ mú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ ki ìka méjì bọ abẹ́ irun tó dì náà. Ẹ má fà á o. Ẹ kàn fọwọ́ tọ́ ìdí rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ lásán, awọ abẹ́ rẹ̀ á mọ́, kò ní sí egbò, ẹṣin náà ò sì ní janpata. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè mí sí ẹṣin kan ní Sábó. Olówó rẹ̀ ní ẹrẹ̀ ni. Mo fi ìka kan ìdì irun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tẹ̀lé mi lọ́wọ́ tòun tèépá, irun náà dúró gànrànràn lórí èépá bí irun bùrọ́ṣì tí wọ́n fi ń kun ilé lọ́dà. Nígbà tí mo yí i dà, abẹ́ rẹ̀ jin kòtò díẹ̀, ọyún aláwọ̀ ìyeyè sì wà nínú rẹ̀. Ojú ibi tó ti kúrò pupa, ó ń sun omi. Ẹṣin náà yí orí padà, ó wo ọwọ́ mi, gbogbo awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Kì í ṣe pé ó ń yún un. Ó ń dùn ún ni.

Bí ẹ bá rí irú èyí, àrùn tí kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Dermatophilus congolensis ń fà ni. Ilẹ̀ Kóńgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lára màlúù lọ́dún 1915, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Àwọn darandaran mọ̀ ọ́n dáadáa, kirci ni wọ́n ń pè é lédè Hausa. Omi ló ń jí i. Ó lè sùn sínú èépá gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí òjò bá rin ín, á yọ ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tó wà lára awọ, á sì gba ojú ibi tí eégbọn tàbí eṣinṣin ti bu ẹṣin náà jẹ wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn àti ìdí, níbi tí òjò ń rọ̀ lé, ló ti máa ń pọ̀ jù. Ẹṣin tí òjò bá ń pa lóru, oògùn yòówù tí ẹ bá fi sí i lọ́sàn-án, òfo ni.

Nítorí náà, òrùlé ni oògùn àkọ́kọ́. Páànù díẹ̀ tí kò jò, ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí, àti ẹ̀rún pákó gbígbẹ láti sọ́míìlì. Lẹ́yìn náà, ẹ ra oògùn ìfọgbẹ́ tó ní chlorhexidine nínú, ìdá 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ ò bá rí i, povidone-iodine náà dára. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rin èépá náà, ẹ fi oògùn ra á, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Èyí tó bá rọ̀ tó sì tẹ̀lé ọwọ́ ni kí ẹ mú kúrò. Èyí tó bá ṣì di awọ mú, ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la. Ẹ ṣan án, kí ẹ wá fi táwẹ́lì nù ún gbẹ dé ìdí irun. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ tí kò nù ún gbẹ, ó fún kòkòrò náà lómi mu ni. Ẹ ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí irun tuntun yóò fi hù. Ẹ kó gbogbo èépá tó bọ́ jọ, kí ẹ sun ún. Bùrọ́ṣì àti aṣọ abẹ́ gàárì rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ẹṣin mìíràn. Àrùn náà lè ran ènìyàn, bí kò tiẹ̀ wọ́pọ̀, nítorí náà ẹ má gbé ọmọ kankan gùn ún títí awọ rẹ̀ yóò fi jiná. Gàárì lórí irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, ìyà ni fún ẹran náà. Bó bá ti tàn kálẹ̀, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí kò jẹun mọ́, ẹ pe dókítà ẹranko wá, abẹ́rẹ́ penicillin ló máa nílò nìyẹn.

Ní ti kílípà, níbi tí irun bá ti ṣú jù tí atẹ́gùn kò dé awọ, mo máa ń gé e kúrú lẹ́yìn tí èépá bá ti rọ̀. Sísọ́ọ̀sì ni mi ò gbà. Irun tó bá dì máa ń fa awọ sókè sínú ara rẹ̀, ojú ò sì ní rí i. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ki sísọ́ọ̀sì bọ irun abẹ́ ikùn ẹṣin kan báyìí, awọ ni mo gé. Mo rán an lójú mẹ́rin. Mo ṣì ń rántí bí ẹran náà ṣe fò sókè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Bí ẹ bá lọ sí ilé oògùn ẹranko pé eégbọn ń bu ẹṣin jẹ, wọ́n lè fún yín ní amitraz, èyí tí wọ́n fi ń wẹ màlúù àti ajá. Ẹ má gbà á fún ẹṣin. Ó máa ń dá ìfun ẹṣin dúró, oúnjẹ á sé sínú rẹ̀, inú rírun ọ̀hún sì lè pa á. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú jáde lára ọkọ̀ náà kò yẹ lára ẹ̀dá abẹ̀mí kankan.

Bí ẹ bá wo abẹ́ irun tí ẹ ò rí èépá, ẹ bi ara yín léèrè ọjọ́ orí ẹṣin náà. Èyí tó bá ti lé ní ọdún 15, tí irun rẹ̀ gùn tó sì ká, tí kì í re, tó ń mu omi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí pátákò ń dùn ún, ó lè jẹ́ àrùn Cushing, láti inú ẹ̀yà kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ. Bó bá sì ń rù, tí irun rẹ̀ gan tí kò dán, aràn tàbí àrùn eṣinṣin tsetse ni kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ wò fún.

Ti èèmọ́ yàtọ̀, kò sí àrùn níbẹ̀. Ẹ fi òróró àgbọn díẹ̀ pa gọ̀gọ̀ àti ìrù náà, kó má ṣáà kan ibi tó ní èépá, torí òróró á sé omi mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yọ èèmọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá máa ti ìsàlẹ̀ irun tú u lọ sókè bí ìyá ṣe ń tú irun ọmọ tó ń ké, ẹ fi ọwọ́ kejì di ìdí irun náà mú kó má fa awọ. Òòyà ẹléyín gbàgàdà ló kàn. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀, ẹ má dúró sí ẹ̀yìn gan-an. Ó lè gbà yín ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kò burú. Ẹ má gé ìrù yẹn: òun ni ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ẹran náà ní láti fi lé eṣinṣin, bẹ́ẹ̀ eṣinṣin yìí kan náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá tú u tán, ẹ yí ọgbà náà ká, kí ẹ fa gbogbo èèmọ́ tó wà níbẹ̀ tu kí ó tó so òmíràn.