Kíkó iṣẹ́ kúrò ní Subversion lọ sí Git pẹ̀lú ìtàn rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin la jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣírò ọjà àti TVA (owó orí tí a ń fi lé ọjà) ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ẹnì kan nínú wa sì ń gbé Kétu. Subversion, ètò tó ń pa gbogbo àtúnṣe iṣẹ́ mọ́, la fi ń tọ́jú iṣẹ́ náà, lórí sáfà kan tó wà ní ọ́fíìsì wa. Bí iná ọ́fíìsì bá ti lọ, ẹni Kétu kò lè fi ohunkóhun pamọ́ mọ́. A fẹ́ kó lọ sí Git, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ṣé kí a kó gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà lọ ni, tàbí kí a kàn da ẹ̀dà tó kẹ́yìn síbẹ̀ kí a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun? Kí ló sì yẹ kí a ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn: Ẹ kó ìtàn náà lọ. Mo mọ̀ pé dída ẹ̀dà tó kẹ́yìn síbẹ̀ rọrùn, ó sì máa ń wu ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n nínú ètò ìṣírò owó, ìdí tí a fi kọ ìlà kan ṣe pàtàkì tó ìlà náà fúnra rẹ̀. Ẹ wo ibi tí ètò yín ti ń ṣírò TVA 18%. Kò sẹ́ni tó ń ná sàǹtíìmù nínú owó sẹ́fà, nítorí náà ibì kan gbọ́dọ̀ wà tí a ti ń sọ owó di odindi, yálà lórí ọjà kọ̀ọ̀kan tàbí lórí àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rìsíìtì, ọ̀nà méjèèjì sì lè fi fránkì kan tàbí méjì yàtọ̀ síra. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá béèrè ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ṣe àtúnṣe náà kọ sílẹ̀ nígbà tó ń fi í pamọ́ ni ẹ ó fi dá a lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣẹ́ kù sórí sáfà àtijọ́, kò sẹ́ni tí yóò lọ wá a níbẹ̀.

Ní ti iná, Git yóò gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Subversion, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní ọdún 2000, fi gbogbo ìtàn sórí sáfà kan ṣoṣo, ẹ̀dà kan péré ló sì wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Git, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2005 nítorí iṣẹ́ Linux, ń fún olúkúlùkù ní ìtàn náà lódindi, kí ó lè ṣe commit (ìyẹn fífi àtúnṣe pamọ́ sínú ìtàn) níbikíbi tó bá wà, kí ó sì fi ránṣẹ́ nígbà tí ọ̀nà bá là.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi svnadmin hotcopy ṣe ẹ̀dà gbogbo ibi ìpamọ́ yín, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà náà nínú kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ní file://. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni git svn, irinṣẹ́ Git tó ń ka ìtàn Subversion, ń gba commit. Bí ẹ bá ní kó gbà wọ́n láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò pẹ́ gan-an. Bí iná bá sì já a láàárín, ẹ padà sínú fódà tí ó ń kó wọn sí kí ẹ pe git svn fetch, yóò máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dé.

Ibi tó ń gba àkókò jù ni orúkọ àwọn òṣìṣẹ́. Orúkọ ìwọlé nìkan ni Subversion ń kọ sílẹ̀, nígbà tí Git ń fẹ́ orúkọ ẹni àti ímeèlì rẹ̀. Ẹ ó ṣe fáìlì kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní oruko.txt, tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ rí báyìí:

stagiaire2 = Orúkọ Rẹ̀ Ní Kíkún <ímeèlì rẹ̀>

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí. Ẹ pe svn log -q kí ẹ sì ṣa gbogbo orúkọ tó bá jáde. Bí git svn bá pàdé orúkọ tí kò sí nínú fáìlì náà, yóò dúró gbagidi, yóò sì dárúkọ rẹ̀ fún yín. Èyí tó le ni orúkọ bí admin tàbí stagiaire (ẹni tó ń kọ́ṣẹ́), tí ènìyàn mẹ́ta lè ti lò ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má ṣe di iṣẹ́ ẹnì kan ru ẹlòmíràn: ẹ kọ “Àkántì Ọ́fíìsì” síbẹ̀ pẹ̀lú ímeèlì ilé iṣẹ́. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti kúrò lọ́dọ̀ yín bóyá wọ́n fẹ́ kí ímeèlì wọn wà níbẹ̀, nítorí ohun tó bá ti wọnú ìtàn Git kò rọrùn láti yọ.

Lẹ́yìn náà ni àṣẹ gan-an:

git svn clone --stdlayout --authors-file=oruko.txt file:///srv/svn-eda isiro-git

Ọ̀rọ̀ --stdlayout ń sọ fún un pé fódà yín wà ní trunk (iṣẹ́ gan-an), branches (àwọn ẹ̀ka) àti tags (àwọn ẹ̀dà tí a sọ lórúkọ). Bí tiyín kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dárúkọ fódà kọ̀ọ̀kan fún un. Ọ̀pọ̀ yóò ní kí ẹ fi --no-metadata kún un, kí ìlà git-svn-id má bàa wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ commit kọ̀ọ̀kan. Èmi kò fara mọ́ ọn ní tiyín. Bí ìwé àṣìṣe yín bá sọ pé “a ti tún un ṣe ní r1482” (nọ́ńbà àtúnṣe ní Subversion), ìlà yẹn ló so nọ́ńbà náà mọ́ commit tuntun, tí orúkọ rẹ̀ nínú Git jẹ́ àmì 40 tí kò sẹ́ni tó lè há a sórí.

Àwọn tags yóò dé bí ẹ̀ka, ẹ ó ní láti sọ wọ́n di tag gidi. Ohun tó wà nínú svn:ignore (orúkọ àwọn fáìlì tí a kò fẹ́ tọ́jú), ẹ fi git svn show-ignore kó o sínú .gitignore. Git kì í tọ́jú fódà òfìfo. Àwọn tó ń ṣe GCC (ètò ńlá tó ń sọ kóòdù di ètò tí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ lé lórí), tí wọ́n kó kúrò ní Subversion lọ sí Git ní oṣù Kìíní ọdún 2020, lo irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ reposurgeon, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ènìyàn mẹ́rin kò nílò rẹ̀.

Ẹ wá inú ìtàn náà fún fáìlì ńlá àti ọ̀rọ̀ ìwọlé. Bí ẹnì kan bá ti ń fi ètò tí a ti dì fún oníbàárà pamọ́ síbẹ̀ lóṣooṣù, gbogbo rẹ̀ pátá ni ẹni tuntun yóò máa gbà wálé, GitHub (ibi ìpamọ́ Git lórí íntánẹ́ẹ̀tì) kò sì ń gba fáìlì tó bá ju 100 MiB lọ. Lẹ́yìn git svn fetch tó kẹ́yìn, ẹ fi git filter-repo yọ wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gba ẹ̀dà, nítorí yíyọ wọ́n ń yí orúkọ commit padà. Ọ̀rọ̀ ìwọlé ibi tí ẹ ń kó àkọsílẹ̀ oníbàárà sí, ẹ yí i padà pẹ̀lú, bí ẹ tilẹ̀ ti yọ ọ́.

Láti mọ̀ pé ohun gbogbo pé, ẹ fi svn export --ignore-keywords gba ẹ̀dà tó kẹ́yìn, kí ẹ sì fi diff -r wò ó mọ́ ti Git. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tag àtijọ́ méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú. Bí fódà .git, .gitignore tuntun àti fódà òfìfo nìkan bá ni ìyàtọ̀, ó ti bọ́ sí i.

Ẹ má ṣe lo méjèèjì papọ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá dá, kí gbogbo yín ti fi iṣẹ́ ọwọ́ yín pamọ́, kí ẹ fi auth-access = read sínú svnserve.conf (fáìlì ìṣètò sáfà Subversion) kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan sínú Subversion mọ́, kí ẹ fi svnadmin hotcopy --incremental mú ẹ̀dà yín bá a dọ́gba, kí ẹ wá pe git svn fetch ìkẹyìn, lẹ́yìn náà git svn rebase. Ẹ kìlọ̀ fún ara yín pé commit nínú Git kò kúrò lórí kọ̀ǹpútà ẹni títí a ó fi ṣe push (ìyẹn fífi í ránṣẹ́ sí sáfà), àti pé svn revert ń da àtúnṣe tí a kò tíì fi pamọ́ nù, nígbà tí git revert ń ṣe commit tuntun tó tú ti àtijọ́ ká.

Ní ti ẹni Kétu, gbígbà àkọ́kọ́ ló wúwo jù, git clone tó bá sì já láàárín kì í lè tẹ̀síwájú. Ẹ pe git bundle create ise.bundle --all, ẹ fi fáìlì kan ṣoṣo tó bá jáde sórí fláàṣì USB, kí ẹ sì fi rán ẹni tó ń gba Pobẹ̀ lọ sí Kétu. Òun yóò ṣe git clone láti inú fáìlì náà, yóò fi git remote set-url darí origin (àdírẹ́sì tí Git ti ń gba nǹkan) sí sáfà yín, láti ọjọ́ náà lọ commit tuntun nìkan ni yóò máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì.