Èsì: Ṣé ẹ̀rọ lè mọ̀ bí wọ́n bá po àwọ̀ mọ́ epo pupa?

Ẹ kú ìbéèrè o, ìyá wa. Ẹ ní epo tí ẹ rà l'Óyìngbò pọ́n jù, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá láàbù lè rí àwọ̀ Sudan, ìyẹn àwọ̀ pupa oníkẹ́míkà tí kì í ṣe fún oúnjẹ, nínú rẹ̀. Ó lè rí i dáadáa.

Ojú lásán kò tó, torí carotene, àwọ̀ àdámọ́ inú ẹyìn, ló ń mú kí epo gidi náà pọ́n. Ní láàbù, wọ́n á fi kẹ́míkà olómi yọ́ epo náà, wọ́n á fi agbára tì í gba inú páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ki ìyẹ̀fun kíkúnná sí. HPLC nìyẹn. Carotene àti Sudan kì í jáde pa pọ̀. Kálukú ní àsìkò tirẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni mass spectrometer tí wọ́n ń so mọ́ ọn báyìí. Ó ń wọn ìwúwo mólékù. Ti Sudan IV, ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀ Sudan, tó 380 lórí òṣùwọ̀n mólékù (dalton). Á tún fọ́ mólékù náà sí wẹ́wẹ́, á wọn ègé rẹ̀. Bí nǹkan mìíràn bá jáde lásìkò kan náà pẹ̀lú Sudan, ibẹ̀ ni àṣírí á ti tú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi epo yẹn se ọbẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ sì fẹjọ́ sun NAFDAC. Wọ́n ní láàbù l'Óṣòdì.