Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí Ìyá Ọmọ Bá Ní Aǹtibáyọ́tíìkì Lòun Fẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni mí nílùú Ìbàdàn níbí. Wọ́n kọ́ wa pé aǹtibáyọ́tíìkì, oògùn tí ń pa kòkòrò bakitéríà, kì í pa fáírọ́ọ̀sì tó sábà ń fa ọ̀fìnkìn, síbẹ̀ mo ń rí i tí wọ́n ń kọ ọ́ fún ọmọ tí kò ní ju ọ̀fìnkìn àti ikọ́ lọ. Nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní bí àwa kò bá kọ ọ́, ìyá rẹ̀ yóò rà á ní kẹ́míìsì. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni pé ìyá náà lè rà á, nítorí láti Bẹẹrẹ títí dé Mọ́níyà, kẹ́míìsì kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí dókítà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó ti sọ ọ́ di oògùn ikọ́ lójú ìyá náà nìyẹn, gbogbo ikọ́ tó bá sì tún dé ni yóò máa rà á fún. Ó dùn mí pé orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ la máa ń kọ́ yín jù, tí a kì í sábà kọ́ yín ní ohun tí ẹ óò bá aláìsàn sọ nígbà tí kò nílò oògùn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí mímí ọmọ. Nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ tí kò sì sunkún, ẹ ka mímí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, kí ìyá rẹ̀ sì máa bá yín kà á. Bí ọmọ oṣù 2 sí 11 tó ń wúkọ́ bá mí tó ìgbà 50, tàbí tí ẹni tó ti pé ọdún 1 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 5 bá mí tó ìgbà 40, òtútù àyà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a kà á sí, aǹtibáyọ́tíìkì tí a ń pè ní amoxicillin sì ni a óò kọ́kọ́ lò. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tí abẹ́ ìhà rẹ̀ kò wọnú bó ṣe ń mí, tí ó ń jẹ tí ó sì ń mu, ẹ ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé ikọ́ náà lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ó tó lọ tán, ṣùgbọ́n kí ó tètè gbé e padà wá bí mímí rẹ̀ bá ń yára sí i tàbí tí kò bá lè mu nǹkan mọ́.

Ní ti àwọn ọ̀gá yín, ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi bí a bá fi ọ̀wọ̀ bèèrè rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kòkòrò wo ni a fura sí, ọjọ́ wo ni a óò sì tún oògùn náà yẹ̀ wò?" Láti ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pín àwọn aǹtibáyọ́tíìkì sí ìsọ̀rí mẹ́ta, èyí tí a óò kọ́kọ́ lò, èyí tí a óò máa ṣọ́ lò, àti èyí tí a óò fi pamọ́. Inú ìsọ̀rí kejì ni ceftriaxone wà, nítorí náà ó yẹ kí ìdí wà nínú fáìlì nígbàkígbà tí a bá kọ ọ́. Àwa olùkọ́ ló sì yẹ kí ó máa sọ ìdí náà sókè létí yín, kí ẹ tó béèrè.