Eyín tó yọ nígbà tí ọmọ ṣubú: ẹ má jẹ́ kó gbẹ

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Ẹ ní ọmọ yín ọmọ ọdún 8 já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́, eyín iwájú rẹ̀ yọ tán pátá, ẹ fi aṣọ wé e, ọjọ́ kejì lẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, wọ́n sì ní ó ti pẹ́ jù. Ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, àti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe bó bá kan àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 4.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àkọ́bí mi. Tèmi tiẹ̀ burú jù ú lọ: ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ha gbòǹgbò eyín náà títí ó fi funfun báláú. Mo rò pé ìmọ́tótó ni. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni dókítà là mí lójú pé awọ fẹ́lẹ́ kan wà lára gbòǹgbò, òun ló ń mú kí eyín padà lẹ̀ mọ́ egungun. Bí eyín bá gbẹ fún wákàtí 1, awọ yẹn ti kú. Ta ló sọ fún wa tẹ́lẹ̀?

Nígbà tí bọ́ọ̀lù yọ eyín àbúrò rẹ̀ lẹ́nu lọ́mọ ọdún 9, mo ti gbọ́n. Apá funfun tó máa ń hàn bí ọmọ bá rẹ́rìn-ín ni mo fi ọwọ́ mú, n kò kan gbòǹgbò. Mo fi omi tútù ṣan ìdọ̀tí orí rẹ̀ ní wàrà-wàrà, mo gbìyànjú láti tì í padà sínú ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ń ké, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ni mo bá jù ú sínú mílíìkì. Bí kò bá sí mílíìkì, kí ọmọ tutọ́ sínú ife, kí ẹ fi eyín sínú itọ́ yẹn. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi. Kó tó pé ìṣẹ́jú 40 a ti débẹ̀. Wọ́n dá a padà, wọ́n fi wáyà tín-ín-rín so ó mọ́ àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, wọ́n sì tọ́jú inú gbòǹgbò rẹ̀. Ó ṣì ń fi jẹun, bó tilẹ̀ ti dúdú díẹ̀.

Ní ti ọmọ ọdún 4, eyín tó kọ́kọ́ hù ni tirẹ̀. Bó bá yọ, ẹ má tì í padà láéláé, torí eyín àgbà ń dàgbà lábẹ́ rẹ̀, ẹ lè ṣe é léṣe. Bó bá wọlé sínú èrìgì, ẹ má fà á. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń padà jáde fúnra rẹ̀. Ẹ ṣì gbé e lọ kí wọ́n wò ó. Bí ẹ kò bá rí eyín náà tí ọmọ sì ń wúkọ́, tàbí tó ń bì tí oorun sì ń kùn ún lẹ́yìn tó forí gbálẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ, eyín á dúró.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún 8 ńkọ́? Àkọ́bí mi ń lo eyín àfibọ̀ tó ṣeé yọ, torí wọn kì í ri eyín àtọwọ́dá mọ́ egungun àgbọ̀n tó ṣì ń dàgbà. Ẹ tètè bi dókítà yín nípa rẹ̀, kí eyín ẹ̀gbẹ́ má baà wọ́ sínú àlàfo náà.